Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, kí lojú àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ń rí?

Bí ìròyìn àrùn tuntun bá ti jáde lórí rédíò, ìbéèrè méjì ló máa ń kọ́kọ́ gba orí WhatsApp kan láàárín àwa ará Abẹ́òkúta. Èkíní: ṣé wọ́n á tún ti ìlú pa? Èkejì: ṣé àwọn dókítà á tún ní àwọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ mọ́? Ìbéèrè kejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí wọ́n ti fún ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, tó ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tó ti wá owó sílẹ̀, kí ilé ìwòsàn tó pè é pé kó ṣì máa sinmi nílé ná. Títí di òní, àwọn kan gbà pé ojo ló mú àwọn dókítà. Àwọn mìíràn ní òfin ìjọba ló dè wọ́n lọ́wọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń pín in kiri pé bí àrùn mìíràn bá dé, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ló máa pàṣẹ ẹni tí wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ fún àti ẹni tí wọn ò ní ṣe é fún. Ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an ní 2020?

Ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn kòrónà ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 2020 ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní in, ará Ítálì kan tó gba pápákọ̀ òfuurufú Èkó wọlé, tó sì ti dé ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò kí ọ̀rọ̀ tó yọ síta. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Èkó àtijọ́ láti Làfẹ́nwá mọ̀ pé Ewékorò kò jìnnà sí wa rárá. Wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Yábàá, ara rẹ̀ sì yá.

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, WHO kéde pé àrùn náà ti kárí ayé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kan náà, Ààrẹ Muhammadu Buhari pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Abuja àti ìpínlẹ̀ Ògùn. Ti Èkó àti Abuja bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 30. Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún tiwa síwájú kí àwọn ará ìlú lè ra oúnjẹ sílẹ̀, ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin ni ti ìpínlẹ̀ Ògùn bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé ni pé àṣẹ náà yọ ilé ìwòsàn sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera wà lára àwọn tó lè jáde. Ìpinnu láti dín iṣẹ́ abẹ kù kò ti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tó dúró sójú ọ̀nà wá, inú iṣẹ́ ìlera fúnra rẹ̀ ló ti jáde. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn nímọ̀ràn láti ọjọ́ 13, oṣù Kẹta pé kí wọ́n dín iṣẹ́ abẹ tó bá lè dúró kù, kí wọ́n sún un síwájú tàbí kí wọ́n fagi lé e. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe bákan náà, àwọn ilé ìwòsàn tiwa náà sì tẹ̀lé wọn. Àwọn olùwádìí tí wọ́n pe ara wọn ní CovidSurg, tí Yunifásítì Birmingham kó jọ, ṣírò pé láàárín ọ̀sẹ̀ 12 tí nǹkan le jù, iṣẹ́ abẹ tó tó mílíọ̀nù 28.4 ni wọ́n máa sún síwájú tàbí fagi lé káàkiri ayé. Ìṣirò ni o, ẹnikẹ́ni kò kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tóbi tó.

Ta ni wọ́n ní kó dúró, ta ni wọn kò dá dúró?

Ojú kan náà kọ́ ni oníṣẹ́ abẹ fi ń wo gbogbo aláìsàn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wákàtí ni wọ́n fi ń ka ẹ̀mí wọn: aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ tàbí tí ọmọ há mọ́ lára, oyún tó dúró síta ilé ọmọ tó sì bẹ́, ìfun tí tàìfọ́ọ̀dù ti dá lu, ìpá tó há tí kò padà sínú mọ́, ọlọ́kadà tí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta. Pàjáwìrì ni gbogbo ìwọ̀nyí. Kò sí ìlànà kankan, nílé tàbí lókè òkun, tó ní kí wọ́n dá irú wọn dúró.

Àwọn kan tún wà tí ń da ẹni láàmú, àmọ́ tí kì í sábà pa ènìyàn lónìí tàbí lọ́la: ìpá tó ṣì ń wọlé tó ń jáde, gẹ̀gẹ̀ ọrùn, fáíbúrọ́ìdì tí kò da ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ojú tí nǹkan funfun ti bò, ètè ọmọ tó là. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ní kó dúró. Lórí ìwé, ìpín yìí mọ́gbọ́n dání. Nínú ilé aláìsàn, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe rí. Bíríkìlà tó ní ìpá kò lè gbé búlọ́ọ̀kù, kò sì lè gun àkàbà. Oṣù mẹ́fà tí wọ́n bá fi kún ọjọ́ rẹ̀, oṣù mẹ́fà tí kò fi ní rówó gbé wálé ni. Ìpá tó ń wọlé tó ń jáde lónìí sì lè há lọ́la, kí ó di pàjáwìrì ní òru tí kò sí ọkọ̀ lójú títì.

Àárín méjèèjì yìí ni jẹjẹrẹ bọ́ sí, ibẹ̀ gan-an ni ọkàn àwọn oníṣẹ́ abẹ ti dàrú jù. Jẹjẹrẹ ọmú kì í pa obìnrin láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kì í sinmi. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ obìnrin ni kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà títí kókó náà yóò fi tóbi, tí yóò fi máa ṣe egbò, nítorí owó, nítorí ìtìjú, nítorí pé wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú àgbo àti ilé àdúrà. Ọdún pípẹ́ ni àwọn dókítà ti fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tètè máa wá. Nígbà tí àwọn kan wá tètè dé ní 2020, wọ́n bá ìlẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀. Àwọn mìíràn kò wá rárá, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọ́n á kó kòrónà nílé ìwòsàn, tàbí pé bí wọ́n bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbé wọn lọ sí ibùdó ìyàsọ́tọ̀ ní Ìbẹ̀rẹ̀kòdó.

Kí ló dé tí inú tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, fi léwu tó bẹ́ẹ̀?

Kí wọ́n tó fi abẹ kan aláìsàn tí wọ́n fẹ́ kùn lóorun pátápátá, dókítà tó ń kun ènìyàn lóorun máa dúró síbi orí rẹ̀. Á ya ẹnu rẹ̀, á fi irin oníná wo ọ̀nà ọ̀fun, á wá ti rọ́bà kan wọ inú ọ̀nà èémí. Ní àkókò yẹn, ojú dókítà àti ẹnu aláìsàn kò jìnnà síra wọn rárá. Bí aláìsàn bá wúkọ́, ojú dókítà ló máa lọ tààrà. Bí wọ́n bá ti wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oníṣẹ́ abẹ á mú ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń jó ẹnu iṣan kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, èéfín á sì máa rú sójú gbogbo ẹni tó yí tábìlì ká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá àrùn náà lè gba inú èéfín yẹn ràn. Bákan náà ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣe, tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún inú ikùn: àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ní kí àwọn ènìyàn wọn yàgò fún un, lẹ́yìn náà ni wọ́n dẹ okùn náà.

Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Ẹ̀rọ amúlétutù tó wà nínú ọ̀pọ̀ tíátà wa, afẹ́fẹ́ inú yàrá kan náà ló kàn ń yí ká. Kì í fa tuntun wọlé, kì í sì lé ti àtijọ́ jáde. Tíátà tí wọ́n kọ́ fún irú àkókò yìí máa ń pààrọ̀ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí kan.

Ewu tó dojú kọ aláìsàn fúnra rẹ̀ ló wá le jù, òun ni àwọn ènìyàn kì í sì í sábà gbọ́. Láti Wuhan, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ ti wá. Àwọn dókítà ibẹ̀ kọ ìròyìn nípa aláìsàn 34 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tó lè dúró fún. Kò sí àmì kankan lára wọn nígbà tí wọ́n wọ tíátà, àrùn náà ṣì ń rà pálá nínú wọn ni. Gbogbo wọn ló wá ṣàìsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. 15 nínú wọn dé ibi ìtọ́jú àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ kan ayé lẹ́sẹ̀ kan ọ̀run, 7 sì kú. Ní oṣù Karùn-ún 2020, CovidSurg gbé ti wọn jáde: nínú aláìsàn 1,128 tó ní kòrónà ní sáà iṣẹ́ abẹ wọn, ní ilé ìwòsàn 235 ní orílẹ̀-èdè 24, ìdá 23.8 nínú ọgọ́rùn-ún kú kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé. Ó lé ní ìdajì wọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn dààmú. Ẹni tó bá ka èyí, tó sì ní aláìsàn tó ní ìpá tí kò há, kò ní ṣòro fún un láti sọ pé kó dúró ná. Ìbẹ̀rù ti aláìsàn ni, kì í ṣe ti dókítà nìkan.

Ọ̀nà àbáyọ tí ọ̀pọ̀ wọn lò ni abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn: bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀ ìdodo, wọ́n á mú kí ìsàlẹ̀ ara nìkan kú, aláìsàn á máa mí fúnra rẹ̀, kò ní sí ìdí láti ti rọ́bà bọ ọ̀fun rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ìbímọ rọrùn lọ́nà yìí. Ti ọrùn, ti imú àti ti eyín kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun, àti ti eyín, fi wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn dúró jù.

Ṣé ìbẹ̀rù kò sí nínú rẹ̀ rárá?

Ó wà. Kò sì yẹ ká fi bú ẹnikẹ́ni. Àwọn dókítà Nàìjíríà kò tíì gbàgbé Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí Ebola pa ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ, ọdún 2014, lẹ́yìn tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn tó gbé e wọ Èkó kúrò nílé ìwòsàn. Ní oṣù Kìíní 2020 gan-an, kí kòrónà tó dé, ibà Lassa pa àwọn dókítà ní Kánò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún aboyún kan. Ní Wuhan, dókítà ojú ni Li Wenliang, ẹni tó kìlọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àrùn náà sì pa ní oṣù Kejì 2020. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún yẹn, òṣìṣẹ́ ìlera tó ti kó kòrónà ní Nàìjíríà ti lé ní 800.

Ohun ìdáàbòbò sì wọ́n. Ní Ìtòkú, àwọn télọ̀ ń fi adìrẹ rán ìbòmú, ó dára fún ẹni tó ń lọ ọjà, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ ti rọ́bà bọ ọ̀fun aláìsàn. Èyí tí wọ́n ń pè ní N95, tó ń sẹ́ ó kéré tán ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún nǹkan wínníwínní inú afẹ́fẹ́, ni wọ́n nílò, gbogbo ayé ló sì ń wá a lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó yẹ kí wọ́n lò kí wọ́n sì jù nù ni àwọn kan ń tọ́jú sínú àpò bébà láti tún un lò.

Bí wọ́n bá rí i tán, wíwọ̀ rẹ̀ tún jẹ́ wàhálà. Aṣọ tó bo gbogbo ara, gíláàsì, ike tó bo ojú, ibọ̀wọ́ ọ̀nà méjì lórí ara wọn, nínú ooru oṣù Kẹta ní Abẹ́òkúta, bóyá iná ti lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò sì gbé amúlétutù. Òógùn á bọ́ sójú tí kò ṣeé nù. Èémí á kùn gíláàsì tí dókítà kò fi ní rí abẹ́rẹ́ dáadáa. Ohùn kò ní já gaara: dókítà á ní kí nọ́ọ̀sì na irin kan sí òun, nọ́ọ̀sì á na òmíràn. Iṣẹ́ wákàtí kan á gbà ju wákàtí kan lọ dáadáa, wọ́n á sì tún fọ gbogbo yàrá náà kí ẹni tó kàn tó wọlé. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún lóòjọ́ tẹ́lẹ̀, méjì péré ni wọ́n á ṣe tí ilẹ̀ á fi ṣú.

Òru ni ti ilé. Dókítà tó ní ìyá àgbà nílé, tàbí ọmọ ọwọ́, kò mọ ohun tó ń gbé wọlé. Àwọn kan ń sùn sí yàrá àlejò, àwọn kan kó ìdílé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí. Aládùúgbò náà á sì máa wò wọ́n tìfura-tìfura.

Ṣé iṣẹ́ abẹ àti kòrónà ń du nǹkan mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni?

Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ló ṣàlàyé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Àpò kan náà ni iṣẹ́ abẹ àti àjàkálẹ̀ àrùn ń ná, àpò náà kò sì tíì kún rí lọ́dọ̀ wa.

Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Aláìsàn kòrónà tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti dàrú lè lo sílíńdà lórí sílíńdà lọ́jọ́ kan. Sílíńdà yẹn náà ni wọ́n fi ń kun ènìyàn lóorun. Nígbà tí àrùn náà gbérí lẹ́ẹ̀kejì ní ìparí 2020, ọ́síjìn wọ́n débi pé ní oṣù Kìíní 2021, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 6.45 náírà láti kọ́ ilé iṣẹ́ ọ́síjìn sí ibi 38 káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìyẹn nìkan tó láti fi hàn bí ó ṣe kéré tó tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ọ́síjìn ni ènìyàn. Dókítà tó mọ bí wọ́n ṣe ń kun ènìyàn lóorun ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ mí fún ẹni tí kò lè mí mọ́. Bí wọ́n bá pè é lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní kòrónà, tíátà ti dúró nìyẹn, bí oníṣẹ́ abẹ mẹ́wàá tilẹ̀ jókòó. Bákan náà ni ti àwọn nọ́ọ̀sì. Bí ẹnì kan nínú tíátà bá sì kó àrùn náà, gbogbo àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní láti lọ jókòó sílé fún ọjọ́ 14 nígbà yẹn. Ilé ìwòsàn tó ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tíátà méjì péré máa wá ku ọ̀kan.

Ẹ̀jẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹbí ló máa ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ẹbí lọ́dọ̀ wa, tàbí kí ọmọ ilé ìwé àti ọmọ ìjọ wá ṣe ìtọrẹ. Ilé ìwé ti tì, ìjọ ti tì, ẹbí tó wà ní Ìbàdàn kò lè kọjá ẹnu ibodè ìpínlẹ̀. Fáíbúrọ́ìdì kò sì ṣeé yọ láìsí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀.

Àìtó yìí ti wà kí àrùn tó dé. Ní 2015, ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ sọ pé bílíọ̀nù ènìyàn márùn-ún láyé ni kò ní iṣẹ́ abẹ tó dájú nítòsí. Wọ́n ní ó yẹ kí orílẹ̀-èdè ní ó kéré tán 20 nínú àwọn oníṣẹ́ abẹ, akunnilóorun àti agbẹ̀bí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fún 100,000 ènìyàn, Nàìjíríà kò sì tíì sún mọ́ ọn. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sún iṣẹ́ abẹ síwájú, ohun tó pọ̀ ni wọ́n dín kù. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí kò tó ni wọ́n tún bù nínú rẹ̀.

Ìlú tiwa yìí mọ iyì iṣẹ́ abẹ tipẹ́. Láti 1895 ni ilé ìwòsàn Sacred Heart ti wà ní Láńtòrò, lára àwọn tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà. Federal Medical Centre wà ní Ìdí-Àbà, ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ wà ní Ìjàyè. Nítorí náà kì í ṣe àwọn ará Ẹ̀gbá nìkan ni iṣẹ́ abẹ tó dúró ní Abẹ́òkúta kàn, ará Yewa tó ti Ìmẹ̀kọ wá náà ń wo ibẹ̀.

Ta ló ń sanwó rẹ̀?

Aláìsàn ni. Ó lé ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìlera ní Nàìjíríà tó ń ti àpò àwọn ará ìlú jáde tààrà. Kí àrùn tó dé, owó iṣẹ́ abẹ, owó oògùn àti owó ibùsùn ni wọ́n ń kọ síwèé. Nígbà tí àrùn dé, owó ìbòmú, aṣọ ààbò àti ibọ̀wọ́ tó ti gbówó lórí náà wọ inú ìwé yẹn ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn. Ìyá tó ń ta ata ní Kútọ̀, tó kó èsúsú rẹ̀ kí ó lè yọ fáíbúrọ́ìdì, ti fi owó yẹn bọ́ àwọn ọmọ nígbà tí ọjà tì. Nígbà tí ilé ìwòsàn wá pè é lẹ́yìn oṣù mélòó kan pé ọjọ́ rẹ̀ ti tó, owó kò sí mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sí nínú ìṣirò iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fagi lé, nítorí pé òun ló dà bí ẹni tí kò wá.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ tó ní ilé ìwòsàn tiwọn náà jẹ ìyà. Owó oṣù nọ́ọ̀sì kò dúró, owó dísẹ́ẹ̀lì kò dúró, àmọ́ aláìsàn kò wá.

Kí ni àwọn dókítà fúnra wọn ń jiyàn lé lórí?

Àríyànjiyàn àkọ́kọ́ ni bóyá ó tọ́ láti dá iṣẹ́ abẹ tó lè dúró dúró pátápátá. Àwọn tó fara mọ́ ọn tọ́ka sí àwọn tó kú ní Wuhan àti sí ọ́síjìn tí kò tó. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ní ìlànà ilẹ̀ òkèèrè ni a kàn gbé wọ̀ bí ó ṣe rí, nígbà tí iye àwọn tó ń kú lọ́dọ̀ wa kò tó tiwọn, tí ìpá tó há àti jẹjẹrẹ tó pẹ́ sì ń pa ènìyàn láìsí ẹni tó ń kà wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n lálaalẹ́. Ìhà méjèèjì ló ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò. Àwọn kan ní kí wọ́n ṣàyẹ̀wò fún gbogbo ẹni tó fẹ́ wọ tíátà. Ó dára létí, àmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, ilé àyẹ̀wò tó lè ṣe é ní gbogbo Nàìjíríà kò pé mẹ́wàá, èsì sì lè gba ọjọ́ púpọ̀. Ìfun tó ti lu kò ní dúró de èsì. Àyẹ̀wò náà tún lè sọ pé kò sí nígbà tó wà. Nítorí náà àwọn mìíràn ní kí wọ́n ka gbogbo aláìsàn sí ẹni tó ní in, kí wọ́n sì wọ gbogbo ohun ààbò fún gbogbo wọn, èyí tó gba ohun ààbò tí kò sí nílẹ̀.

Àárín àríyànjiyàn yìí ni aláìsàn há sí. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ti lu, ara rẹ̀ á gbóná, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àmì kòrónà náà nìyẹn. Láàárín oṣù wọ̀nyẹn, wọ́n ń ti aláìsàn láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn nítorí ibà tó jẹ́ ti inú rírun. Àwọn aláìsàn náà, nígbà tí wọ́n rí i bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pa irọ́: wọ́n á mu párásítámọ́ọ̀lù kí ara wọn lè tutù kí wọ́n tó dé ẹnu géètì, wọn ò ní sọ pé àwọn ti Èkó dé. Dókítà tó bá wá mọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rù rẹ̀ á di méjì.

Ẹ̀kẹta ni owó ewu. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 5,000 náírà lóṣù ni ìjọba àpapọ̀ ń san fún dókítà gẹ́gẹ́ bí owó ewu. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ìjìnlẹ̀, NARD, daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹfà, 2020 lórí ohun ààbò àti owó yìí pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn, wọ́n sì padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní 2021, ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ gba oṣù méjì. Ìjọba ní owó kò sí, pé kò sì tọ́ láti fi ẹ̀mí ará ìlú ṣe ohun ìdúnàádúrà lásìkò àrùn. Àwọn dókítà ní ẹ̀mí tiwọn náà ni ìjọba ń fi 5,000 díyelé. Ìparí 2021 ni ìjọba tó ṣàtúnṣe sí owó náà. Iṣẹ́ abẹ tí kòrónà kò dá dúró, ìyanṣẹ́lódì dá a dúró, ọ̀pọ̀ aláìsàn kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì mọ́.

Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ńkọ́?

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ní ìwé kan tó ń kọ gbogbo iṣẹ́ abẹ tó bá lọ́wọ́ sí sínú rẹ̀, àwọn tó ń dán an wò á sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà pé ó tó gbangba. Ìpá àti gẹ̀gẹ̀ tí wọ́n sún síwájú ni iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ fi ń kọ́ ọwọ́. Nígbà tí pàjáwìrì nìkan ló kù, ọ̀gá ló máa ń dì í mú kó lè yá, kí ènìyàn tó wà nínú yàrá sì lè kéré. Bí àwọn tó kọ́ṣẹ́ tán bá tún kọrí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àdánù náà á di ìlọ́po.

Ṣé WHO lè pàṣẹ pé kí wọ́n tún dá iṣẹ́ abẹ dúró?

Rárá. Ní ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ WHO fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí àjàkálẹ̀ àrùn ní Geneva. Òun ni wọ́n ń pín kiri lórí fóònù pẹ̀lú ìtumọ̀ tí kò sí nínú rẹ̀. Àdéhùn náà sọ ọ́ kedere pé kò fún WHO lágbára láti pàṣẹ kónílé-ó-gbélé tàbí láti fi dandan gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Ó ní apá kan tó sọ pé kí àwọn orílẹ̀-èdè dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìlera wọn. Kò sì lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi bí wọ́n bá parí àfikún tó dá lórí pínpín kòkòrò àrùn àti oògùn, kí orílẹ̀-èdè 60 sì tẹ́wọ́ gbà á nílé wọn.

Ẹni tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ wà nílẹ̀ ńkọ́?

Bí wọ́n bá sún ọjọ́ yín síwájú nítorí àrùn èyíkéyìí, ẹ bèèrè ìpín tí dókítà fi yín sí, àti ohun tó lè mú kí ìpín náà yí padà. Ẹ gba nọ́ńbà tí ẹ lè pè. Lásìkò kòrónà, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ń fi fọ́tò tí aláìsàn fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp yẹ ojú ọgbẹ́ wò, kí ẹni náà má baà rìnrìn àjò lásán.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kòrónà, ẹ má fi pamọ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹwàá 2020 lára aláìsàn 140,231 ní orílẹ̀-èdè 116 fi hàn pé àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí ọ̀sẹ̀ méje tó pé lẹ́yìn àrùn náà ń kú ju àwọn yòókù lọ, ìyẹn ni wọ́n fi ní kí ẹni tó bá lè dúró dúró di ọ̀sẹ̀ méje. Láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ti dé, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni dókítà máa ń wò.

Àwọn àmì kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni, àrùn wà níta o, kò sí níta o: ìpá tó le, tó ń dunni, tí kò padà sínú, inú tó wú tí ènìyàn ń bì, tí kò lè yàgbẹ́, tí kò sì lè só, aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ tàbí tí kò gbúròó ọmọ mọ́, kókó ọmú tó ń tóbi kánkán tàbí tó ti bẹ́. Ẹ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún wọn lẹ́nu géètì pé pàjáwìrì ni.